Ọmọ Iṣẹ́ Tó Wo Pátákò àti Ọmọ Iṣẹ́ Tó Wo Ẹṣin

Ẹni tó bá jí ní òwúrọ̀ ní Broukro, ní ìlú Bouaké, á gbọ́ ariwo alùpùpù kí oòrùn tó yọ. Ó lè rí màlúù tí wọ́n ń dà lọ sọ́jà, èyí tó ti apá òkè wá, láti Mali àti Burkina Faso. Ó lè pàdé ọmọ Èjìgbò tó ń ṣí ìsọ̀ rẹ̀, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti sọ Côte d'Ivoire di ilé kejì. Ohun tí kò ní tètè rí ni ẹṣin. Eṣinṣin tsetse ló fà á. Ibi tí igbó ti ń tán tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni Bouaké wà, eṣinṣin yìí sì máa ń gbé kòkòrò àìfojúrí kan sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, tí ẹran náà á máa rù, tí á máa gbẹ, títí á fi ṣubú. Nínú ìlú yìí kan náà ni ilé ìwádìí Institut Pierre Richet wà, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣèwádìí ẹ̀fọn àti tsetse láti ọ̀pọ̀ ọdún. Eṣinṣin yìí ló fà á tí àwọn agẹṣin Ọ̀yọ́ Ilé kò fi lè fi ẹṣin jagun wọnú igbó. Òun náà ló mú kí ajagun Samori Touré, nígbà tó tẹ̀dó sí Dabakala kí àwọn Faransé tó mú un ní 1898, máa ra ẹṣin ogun lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò apá òkè.

Kí ló wá dé tí mo fi jókòó sí Broukro láti sọ̀rọ̀ nípa kíkan bàtà fún ẹṣin? Níbi tí ẹṣin ti pọ̀, ọmọ iṣẹ́ lè fi iye kọ́ iṣẹ́. Tó bá ti kan bàtà fún ọgọ́rùn-ún ẹṣin, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ iṣẹ́ náà lára, kódà bí ojú rẹ̀ kò bá tíì là. Níbi tí ẹṣin ti ṣọ̀wọ́n, kò sí ọgọ́rùn-ún tí yóò fi dánra wò. Ẹyọ kan tó bá wá síwájú rẹ̀, ó ní láti wò ó tán pátá, láti etí dé ìrù. Ìyẹn ló mú mi gbé àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì sórí òṣùwọ̀n: ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí láti orí pátákò, àti ẹni tó ń kọ́ ọ láti orí odindi ẹṣin.

Ìdí ẹwìrì ni ọ̀gá fi ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ sí. Ó ń fẹ́ iná, ó ń fi ẹ̀mú di irin mú, ó ń fi ọmọ owú tẹ̀ ẹ́ títí irin gbọọrọ á fi rí bí òṣùpá tí kò tíì kún. Ó kọ́ bí a ti ń lu ihò ìṣó sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹṣin lé e nítan, tí wọ́n fi ibi tí a ń gé hàn án, àti ibi tí a ń fi fáìlì rá, àti ibi tí ìṣó ń gbà wọlé. Ohun tó mọ̀ nípa ẹṣin kò ju ohun tó wà lórí itan rẹ̀ lọ.

Okùn ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ iṣẹ́ kejì. Ó ń fa ẹṣin lọ síbi omi, ó ń fà á bọ̀. Ó ń nu ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń kọjá lórí èjìká, lórí ẹ̀yìn, lórí ìbàdí. Kó tó di pé ó kan òòlù, ó ti mọ ẹsẹ̀ tí ẹṣin náà máa ń sinmi tó bá dúró pẹ́, ó sì ti mọ ọwọ́ tí ó máa ń fẹ́ yà sí. Àwọn baba wa ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ààfin Ọ̀yọ́, oyè Olókùn Ẹṣin wà, ẹni tí okùn ẹṣin ọba wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ikú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí oyè náà lónìí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944, èyí tí Dúró Ládiípọ̀ àti Wọlé Ṣóyínká fi ṣe eré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ orúkọ náà fúnra rẹ̀. Okùn ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá di okùn mú, odindi ẹṣin ló dì mú.

Kí a tó wọ̀n wọ́n, ó yẹ ká mọ ohun tí pátákò jẹ́. Orí ìka kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ ẹṣin kọ̀ọ̀kan dúró lé. Èékánná ìka náà ni pátákò, ó sì ń hù bíi tiwa, ó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tú bàtà ẹṣin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí wọ́n á gé pátákò, tí wọ́n á tún un kàn. Bí ẹṣin bá dúró jẹ́ẹ́, nǹkan bíi ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ló wà lórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, nítorí orí àti ọrùn tó gùn síwájú. Bí ọrùn bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwúwo á tẹ̀ lé e. Bí ìwúwo bá sì ń wà lójú kan lójoojúmọ́, pátákò á máa yí ìrísí rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà lórí itan ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìdí rẹ̀ lè wà lókè, ní ọrùn, ní èjìká tàbí ní ìbàdí.

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ láàárín àwọn méjèèjì wà nínú ìgbà tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀. Ìgbà tí a bá ti gbé ẹsẹ̀ sókè ni ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ń wò ó. Pátákò tí a gbé sókè kò ru ẹrù kankan. Ó lè rí bí ó ti gùn tó, bí ó ti fẹ̀ tó, bóyá ó là tàbí ó jẹrà. Bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kò hàn sí i. Ọmọ iṣẹ́ kejì ń wo ẹsẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n fa ẹṣin kúrò lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n fà á bọ̀, kí wọ́n tún fà á kọjá níwájú òun. Ó ń wò bóyá gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀ tàbí iwájú pátákò, bóyá ẹ̀gbẹ́ òde ló ń ṣáájú tàbí ẹ̀gbẹ́ inú. Ó ń wo ìlà tó ti ọrùn ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bá pátákò, bóyá ó tọ́ tàbí ó ṣẹ́ láàárín. Nítorí bí iwájú pátákò bá gùn jù tí gìgísẹ̀ sì lọ sílẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Yorùbá ní kò sí bí ènìyàn ṣe lè gun ẹṣin kó má ju ìpàkọ́. A sábà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí ipò gbé ga, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa á, ó ti wo ẹṣin dáadáa. Ó ti rí i pé ohun tí pátákò ṣe nílẹ̀, ó ń dé orí ẹni tó wà lórí gàárì. Bákan náà ló ń dé orí ẹṣin fúnra rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú kan bá ń dun ẹṣin, á gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá tẹ ilẹ̀, á sì rẹ orí wálẹ̀ nígbà tí èyí tó dá ṣáṣá bá tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, ìbàdí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa ń lọ sókè sódò ju èkejì lọ. Ìrìn jẹ́jẹ́ lè bo èyí mọ́lẹ̀. Ó máa ń hàn jù nígbà tí ẹṣin bá ń sáré kúṣẹ́kúṣẹ́, tí ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òdìkejì ń tẹ ilẹ̀ pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó tẹ orí ba sórí pátákò kò lè rí orí ẹṣin. Àmọ̀ràn tí ì bá wúlò fún un jù, òkè orí rẹ̀ ló wà.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú bí wọ́n ṣe ń lo irin tó ti gbó. Ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ á tú bàtà àtijọ́, á fi wọn tuntun, á jù ú síbi àkùfọ́. Èkejì á gbé e sójú oòrùn. Bí ẹ̀gbẹ́ òde bá tín-ín-rín bí ọ̀bẹ tí ẹ̀gbẹ́ inú sì nípọn, ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òde ni ẹṣin náà fi ń gba ilẹ̀. A máa ń sọ pé alágbẹ̀dẹ kì í dédé lu irin lójú kan, pé ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹṣin náà kì í dédé lu ilẹ̀ lójú kan. Bóyá èjìká kan ló le. Bóyá ẹni tó ń gùn ún ló ń fi gbogbo ara jókòó sí apá kan. Bóyá láti kékeré ni. Ọmọ ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tí ọrùn rẹ̀ sì kúrú gbọ́dọ̀ ya ẹsẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó lè kan koríko, ó sì lè fi ẹsẹ̀ kan náà síwájú ní gbogbo ìgbà. Bó bá fi dàgbà, pátákò kan á nà ró, èkejì á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ èyí á fẹ́ fi tipátipá sọ méjèèjì di ọgbọọgba lọ́jọ́ kan. Ojú rẹ̀ á rò pé òun ti tún un ṣe. Ara ẹṣin ló máa sanwó rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kẹta ló dùn mí jù, nítorí pé ìyà wà nínú rẹ̀. Ẹṣin kan kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òun. Ó ń fà á gbà, ó ń ta ìpá. Lójú ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹṣin burúkú ni. Á ké sí ẹlòmíràn kó wá dì í mú, bóyá kó mú pàṣán dání. Ọmọ iṣẹ́ kejì á sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, á sì sún sẹ́yìn. Ó rántí pé bí òun bá gbé ẹsẹ̀ kan, mẹ́ta tó kù ló ń gba ẹrù rẹ̀. Bí oríkèé ìbàdí òdìkejì bá ń ro ẹṣin náà, kò lè dúró pẹ́ lórí rẹ̀. Á wo etí, á wo bí imú ṣe ń fẹ́, á wo ìrù bóyá ó lẹ̀ mọ́ ìdí. Á fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Á tún ẹsẹ̀ náà gbé, kò ní gbé e ga bíi ti àkọ́kọ́, kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹṣin tí wọ́n pè ní burúkú á dúró. Ẹranko tí kò lè sọ pé ibi báyìí ló ń dun òun, ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Bí a bá lù ú nítorí ohun tó sọ, àwa la ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí kò tọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n, ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà ní ohun tó fi ju èkejì lọ. Ojú kò lè kan ìṣó. Láàárín igi pátákò tó le, tí kò mọ ìrora, àti ẹran inú tó kún fún ẹ̀jẹ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níbẹ̀. Orí ìlà yẹn tàbí òde rẹ̀ ni ìṣó gbọ́dọ̀ gbà wọlé, kó sì jáde lára pátákò níwọ̀nba sókè, kí a tó ká orí rẹ̀. Bó bá yà sínú díẹ̀, ẹṣin á tiro lọ́jọ́ náà tàbí kí ọyún gbá jọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Akanbàtà tó dáńgájíá máa ń fi etí gbọ́ ìṣó: dídún rẹ̀ máa ń le nígbà tó bá wà nínú igi, á sì rọ̀ bó bá ń lọ síbi ẹran. Ọ̀pọ̀ ọdún ní ìdí owú ló ń kọ́ ọwọ́ àti etí ní èyí. Mo ti rí àwọn tó lè sọ̀rọ̀ ìrìn ẹṣin títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ tí wọn kò lè fi fáìlì rá pátákò kó tẹ́jú. Ẹni tó mọ àìsàn tí kò mọ oògùn, kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tún yá ju èkejì lọ. Ọ̀gá lè fi ọgbọ́n ọwọ́ han ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì dán wọn wò pẹ̀lú irin tí wọ́n rọ. Wíwo ẹṣin kò ṣe é rọ kalẹ̀. Ó gba sùúrù, ó gba ọjọ́ tí owó kò wọlé, ó sì gba ọ̀gá tí yóò jẹ́ kí ọmọ dúró lásán kó máa wò, nígbà tí àwọn òbí ọmọ ń béèrè pé iṣẹ́ wo ló ń kọ́ ná.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní béèrè láé: ṣé ẹṣin yìí tilẹ̀ nílò bàtà? Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ìjánu fún ẹṣin ogun láti ayébáyé, síbẹ̀ ẹṣin tí kò wọ irin lẹ́sẹ̀ ló pọ̀ jù. Iyanrìn àti ilẹ̀ gbígbẹ ọ̀dàn ń rá pátákò bó ti ń hù, ó sì ń mú un le. Ọ̀dà ojú títì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní Senegal, níbi tí ẹṣin ti ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lójú títì, pátákò lè gbó ju bó ti ń hù lọ, irin sì di dandan fún ọ̀pọ̀ wọn. Bákan náà ni ti ẹṣin pólò, tó ń sáré tó ń yí bìrí lórí pápá, ní Èkó níbi tí ẹgbẹ́ pólò ti wà láti 1904. Ẹṣin tó ń jó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún níwájú Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba, tó ń gbé lórí ilẹ̀ rírọ̀ ní ìyókù ọdún, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó mọ irin nìkan, irin ni yóò máa fi dáhùn. Ẹni tó wo ẹran náà, ilẹ̀ tó ń tẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, ó lè ní, “Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kàn gé e díẹ̀.” Owó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí ti rìn ní ojú ọ̀nà méjèèjì. Xenophon ará Gíríìsì kọ̀wé nípa ẹṣin ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Láti pátákò ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹṣin wò, àmọ́ kò dúró níbẹ̀. Ó gòkè títí ó fi dé orí. Kò sọ̀rọ̀ bàtà onírin rárá; ó ní kí wọ́n tẹ́ òkúta síbi tí ẹṣin ń dúró kí pátákò lè le. Ní London, ẹgbẹ́ àwọn akanbàtà ẹṣin ti wà láti 1356, òfin 1975 sì ti ka iṣẹ́ náà léèwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀. Iná àti irin ni ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, orí gàárì ni Claude Bourgelat ti wá sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìgẹṣin ni kó tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko sílẹ̀ ní 1761. Ó fi gígùn orí ẹṣin ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ara yòókù, òun kan náà ló sì kọ ìwé lórí kíkan bàtà ẹṣin. Ìmọ̀ Faransé yìí ló dé Dakar, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko tí Côte d'Ivoire àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jọ ni ti wà láti 1968. Ọmọ Broukro tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí i bó ti lè rò.

Kódà, ojú tó nílò ti wà ládùúgbò. Fúlàní tó da màlúù láti apá òkè mọ èyí tó ń ṣàìsàn kí ó tó dùbúlẹ̀, nítorí pé ó rí i pé ó ti ń gbẹ́yìn agbo. CIDT, ilé iṣẹ́ òwú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974 tí olú ilé rẹ̀ wà ní Bouaké, tan fífi màlúù túlẹ̀ kálẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ń fi màlúù túlẹ̀ mọ̀ pé èyí tó ń rìn wọ́wọ́ lè ní egbò lọ́rùn lábẹ́ àjàgà. Télọ̀ Yorùbá tó mọ iṣẹ́, kó tó na téèpù, ó ti rí i pé èjìká ọ̀tún oníbàárà rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju tòsì lọ, á sì rán agbádá náà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ń wo odindi kí ọwọ́ wọn tó kan apá kan. Bí ọ̀dọ́ kan bá sì fẹ́ wo ẹṣin gan-an, ojú irin tó dé Bouaké ní 1912 dé Ouagadougou ní 1954, ó sì wọ ilẹ̀ àwọn Mossi, níbi tí wọ́n ti ń di ẹṣin ní gàárì ní ààfin Moro Naba, ọba wọn, láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n á tún tú u.

Bí mo bá wá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ wúwo, ojú ọmọ iṣẹ́ kejì ló jìn. Kò sí èyí tó lè dá ẹṣin dúró láìsí èkejì. Àmọ́ wọn kò dọ́gba, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ sì wà nínú ètò wọn. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n wò lè kọ́ òòlù lẹ́yìn náà, nítorí pé ó ti mọ ohun tí òun ń fi òòlù wá. Ẹni tí òòlù ti mọ́ lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta kì í fẹ́ dúró mọ́. Bó bá ti rí ẹṣin, ó ti ń tẹ̀ ba. Nítorí náà, okùn ni kí ọ̀gá kọ́kọ́ fún ọmọ iṣẹ́. Kó fa ẹṣin, kó nu ún, kó sì máa sọ fún ọ̀gá lójoojúmọ́ ohun kan tí kò rí lánàá. Ìgbà tí ohun tó ń sọ bá ti ju ohun tí ọ̀gá béèrè lọ, kí wọ́n mú un dé ìdí ẹwìrì.

Iṣẹ́ parí. Àwọn méjèèjì ti kan bàtà tán, irin ń dán lẹ́sẹ̀ ẹṣin. Ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó ń retí owó. Èkejì kò tíì wo àpò. Ó ti na okùn sí ẹni tó ni ẹṣin, ó ní kó fà á lọ, kó fà á bọ̀. Ó dúró lókèèrè, kò sì wo pátákò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan bàtà sí. Orí ẹṣin ló ń wò.